Ìyá mi ní eré ìdárayá ló ń gbé àìsàn wọlé, ẹ wá bá mi dá sí i

ỌmọMọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ń dùn mí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 68. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àtìgbà náà ni wọ́n sì ti máa ń jí rìn láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Lóṣù Kejì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sá máratọ́ọ̀nù l'Ékòó, kìlómítà 42 gbáko. Ó sá a parí, inú gbogbo wa dùn. Ọjọ́ kejì tó padà délé, ọ̀fìnkìn dé, ọ̀nà ọ̀fun ń ta á, ikọ́ tẹ̀ lé e, ó dùbúlẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Eré yẹn ló fa agbára inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ." Látọjọ́ náà làwọn fúnra wọn ò ti rìn mọ́. Bàtà tí wọ́n fi ń rìn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, eruku ti bò ó.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé mo kà nípa iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Marian Kohut ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní kinesiology ló wà, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ara èèyàn ṣe ń rìn, bó ṣe ń sáré, bó ṣe ń gbé nǹkan, àti ohun tí gbogbo ìyẹn ń ṣe fún ara. Nínú ìwádìí tí òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé jáde ní 2022, wọ́n gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn kan gba ti flu, àwọn kan gba ti Kòrónà. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, àwọn kan jókòó jẹ́jẹ́, àwọn kan gun kẹ̀kẹ́ tàbí kí wọ́n rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 90. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, antibody, ohun ìjà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń kojú kòkòrò àrùn, pọ̀ lára àwọn tó ṣe eré ìdárayá ju ti àwọn tó jókòó lọ. Wọ́n dán ìṣẹ́jú 45 wò pẹ̀lú, ìyẹn ò mú ìyàtọ̀ kankan wá. Ẹ má sì rò pé àwọn sárésáré ni wọ́n kó jọ: bí ìdajì wọn ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ.

Báwo ni eré ìdárayá ṣe máa fún àwọn wọ̀nyẹn lágbára, tó sì máa dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀? Kí ni kí n sọ fún Màmá?

TíṣàEré (Òṣogbo)

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ girama. Kí n tó sọ ohunkóhun, dá mi lóhùn ná. Báwo ni ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe sùn nígbà tí eré ku ọ̀la? Ọkọ̀ wo ló wọ̀ lọ? Kí ló jẹ lójú ọ̀nà eré?

ỌmọMọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun sà. Kò sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bọ́ọ̀sì akérò ló wọ̀, wọ́n há mọ́ra wọn nínú ẹ̀, ẹnì kan sì ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀ láti Ìbàdàn títí dé Òjótà. Omi nìkan ló mu títí tó fi sáré náà tán.

TíṣàEré

Mo gbọ́. Fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wúkọ́ yẹn sọ́kàn.

BàbáOlóko (Ìsẹ́yìn)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tirẹ̀. Bàbá mi lò ju 80 ọdún lọ láyé, kò sá máratọ́ọ̀nù rí. Oko ló ń lọ. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, á sinmi. Mi ò rí i pé ó dáa ká máa fi ìwádìí àwọn òyìnbó ti ìyá arúgbó jáde nílé nígbà tí ara rẹ̀ ti ní òun fẹ́ jókòó.

Akẹ́kọ̀ọ́Ara (Chicago)

Bàbá, mo kí yín. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tó ń kọ ebè títí oòrùn fi wọ̀, ti ṣe ju ohun tí dókítà kankan máa ní kó ṣe. Oko ni eré ìdárayá bàbá yín. Ìyá ọ̀rẹ́ wa ò ní oko, ìrìn òwúrọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ní, òun sì ni wọ́n pa tì.

Ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ara nígbà eré ìdárayá ni mò ń kà níbí, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Màmá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn sọ ọ́, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Ní 1982, àwọn oníwádìí kan ní South Africa tọpa àwọn tó sá eré Two Oceans ní Cape Town, kìlómítà 56. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn eré, nǹkan bí 33 nínú 100 àwọn sárésáré ló ní ọ̀fìnkìn tàbí ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé tí wọn ò sáré, 15 nínú 100 ni. Ní 1987, David Nieman, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Appalachian State, tó sì ti sá máratọ́ọ̀nù tó lé ní 50 fúnra rẹ̀, kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn tó sá máratọ́ọ̀nù Los Angeles. 2,311 èèyàn dá a lóhùn. Ìdá 12.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó sáré ló ní àwọn ṣàìsàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ti múra eré náà sílẹ̀ bíi tiwọn, àmọ́ tí nǹkan míì tí kì í ṣe àìsàn dí lọ́wọ́, ìdá 2.2 péré ni.

Látinú irú iṣẹ́ yìí ló ti wá ya àwòrán kan tó rí bíi lẹ́tà J. Ẹni tó jókòó sójú kan wà láàárín, ẹni tó ń rìn níwọ̀ntúnwọ̀nsì wà nísàlẹ̀ níbi tí àìsàn ti kéré jù, ẹni tó ń pa ara rẹ̀ sí eré wà lókè téńté. Ẹ ò rí i pé ẹ̀gbọ́n àti Màmá ò tiẹ̀ sí níbì kan náà lórí àwòrán yẹn? Kódà bí eré ẹ̀gbọ́n bá léwu, kò sọ nǹkan kan nípa ìrìn Màmá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí Màmá sọ. Tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń sáré, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní lymphocyte á ti pọ̀ di ìlọ́po-ìlọ́po. Tí wọ́n bá tún fà á lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì tó ti sáré tán, wọ́n á ti dín kù ju bí wọ́n ṣe wà kó tó bẹ̀rẹ̀. Torí èyí làwọn onímọ̀ ṣe ní fèrèsé ara ti ṣí sílẹ̀, àrùn lè bá ibẹ̀ wọlé. Ní 2018, John Campbell àti James Turner ní Yunifásítì Bath kọ̀wé pé àṣìkà ni. Ẹ fi wé àwọn ọdẹ àdúgbò. Bí fèrè bá dún lóru, gbogbo wọn á tú jáde sójú títì, ẹ óò rí wọn rẹpẹtẹ. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ ò ní rí ẹyọ kan lójú títì mọ́. Wọn ò sá lọ o. Ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn ni wọ́n wà, tí wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì kiri. Ojú títì nìkan làwọn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ń kà.

ỌmọMọ́kọ́lá

Ọ̀rọ̀ ọdẹ yìí yé mi yékéyéké. Ṣé ẹnì kan ti rí wọn lẹ́yìnkùlé náà ni, àbí wọ́n kàn rò ó bẹ́ẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́Ara

Wọ́n rí wọn, lára eku. Ní Giessen, ní Jámánì, wọ́n fi àmì sára àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n jẹ́ kí àwọn eku sáré, wọ́n sì wá ibi tí wọ́n gbà. Inú ẹ̀dọ̀fóró, ara ìfun àti mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n bá wọn. Ẹ wo ibi tí wọ́n lọ: ẹ̀dọ̀fóró ni atẹ́gùn ìta ń gbà wọlé, ìfun ni oúnjẹ ń gbà kọjá. Ojúlé tí olè ń gbà wọlé gan-an ni. Adrenaline, oje ara tó máa ń jẹ́ kí àyà èèyàn lù kìkì tó bá ń sáré, wà lára àwọn fèrè tó ń pè wọ́n.

Nọ́ọ̀sìLeeds

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 14, mo fẹ́ sọ ohun kan tí kò tíì hàn nínú ọ̀rọ̀ yìí: ta ló yẹ imú ẹ̀gbọ́n yẹn wò? Nínú iṣẹ́ Los Angeles, ohun tí àwọn èèyàn fẹnu ara wọn sọ ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọn ò fi òwú nu imú ẹnikẹ́ni láti wá kòkòrò. Nígbà tí àwọn kan ní Australia wá yẹ àwọn eléré wò ní tòótọ́, tí wọ́n gbejáde ní 2007, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun àwọn tí wọ́n rí kòkòrò àrùn kankan lára wọn. Ọ̀nà ọ̀fun tó bó nítorí mímí líle fún wákàtí mẹ́rin, eruku, ohun tí ara kì í gbà (allergy), gbogbo rẹ̀ ló máa ń jọ ọ̀fìnkìn.

Oṣù Kejì l'Ékòó, ọyẹ́ ò tíì kúrò nílẹ̀ tán. Eruku, èéfín ọkọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ẹni tó ń fi ẹnu mí fún kìlómítà 42 á gbé gbogbo ẹ̀ mì. Àbí kó jẹ́ ẹni tó ń wúkọ́ nínú bọ́ọ̀sì yẹn ló kó o ràn án. Ó sì lè jẹ́ àìsùn. Ní 2015, Aric Prather àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan kòkòrò ọ̀fìnkìn sí imú àwọn èèyàn 164 tí ara wọn le. Àwọn tí oorun wọn kò tó wákàtí mẹ́fà lóru, ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe ṣeé ṣe kí ọ̀fìnkìn mú wọn, ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tó sùn ju wákàtí méje lọ. Ẹ̀gbọ́n sun mẹ́rin.

Ẹsẹ̀Ehoro (Abẹ́òkúta)

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, àmọ́ mi ò gbà pé kí eré bọ́ pátápátá nínú ẹ̀sùn yìí. Máratọ́ọ̀nù mẹ́fà ni mo ti sá. Ìgbàkígbà tí mo bá ti ń sáré púpọ̀ jù lọ́sẹ̀, imú mi á máa ṣàn, bí mo tiẹ̀ sùn dáadáa. Nínú iṣẹ́ Nieman kan náà tí ẹ sọ, àwọn tó ń sá ju kìlómítà 96 lọ lọ́sẹ̀ nígbà ìmúrasílẹ̀ ní ewu àìsàn tó tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò sá tó kìlómítà 32. Àwọn yẹn ò tíì dé ojúlé eré ńlá nígbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ èrò àti ọkọ̀ níbẹ̀. Àti pé ní 2020, Nieman, Campbell, Turner àtàwọn onímọ̀ míì jókòó kọ ìwé kan pọ̀ lórí àríyànjiyàn yìí, apá kan ò sì borí ìkejì. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé ẹjọ́ ti parí.

Ẹ tún fetí sí èyí, torí ó lè ṣe ẹ̀gbọ́n láǹfààní tó bá fẹ́ tún sáré. Omi nìkan kò tó. Nieman ti fi hàn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta pé tí eléré bá ń jẹ ohun aládùn bí ó ṣe ń sáré lọ, cortisol, oje tí ara máa ń tú jáde nígbà ìnira, kì í pọ̀ tó ti ẹni tó mu omi lásán. Ní 2012, ó fún àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ kìlómítà 75 ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó fún wọn ní ohun mímu eléré nígbà míì, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ò wọ́n lọ́dọ̀ wa.

Akẹ́kọ̀ọ́Ara

Ẹ ṣeun tí ẹ dá mi dúró níbẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ, mo ti sáré jù. Lórí àwọn tó ń sá eré àsápajúdé, iyàn ṣì wà nílẹ̀. Lórí ìrìn níwọ̀ntúnwọ̀nsì, iha kan náà ni gbogbo wọn kọ sí. Ní 1990, Nieman ní kí àwọn obìnrin tí wọn kì í ṣe eré ìdárayá máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 45, lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15. Iye ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn fi yọ wọ́n lẹ́nu jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti àwọn tó jókòó. Nígbà tó yá, ó tọpa àwọn àgbàlagbà 1,002 fún ọ̀sẹ̀ 12, láti ọmọ ọdún 18 dé 85. Ọjọ́ àìsàn àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Èyí ìkẹyìn yẹn, wíwò ni wọ́n wò wọ́n, ó lè jẹ́ pé ẹni tára rẹ̀ le ló ń lágbára láti rìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ti àwọn obìnrin yẹn jù.

ÌyáẸlẹ́wà (Bódìjà)

Ẹ dákun, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo fi ń dúró nídìí ẹ̀wà. Ẹsẹ̀ mi a máa wú. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ eré ìdárayá?

TíṣàEré

Ìyá, ẹ kú ọjà o. Iṣẹ́ ni, ó sì le, àmọ́ ìdúró kì í jẹ́ kí ọkàn yára lù tó. Tí ẹ bá gbé kọ́ńgò ẹ̀wà, tí ẹ rù ú wọ inú mọ́tò oníbàárà, ìyẹn wọnú ìṣírò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà. Tí ẹ bá pín 150 yẹn, ó jẹ́ ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi rèé: ẹ rìn débi tí ẹ ti lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin. Tí orin bá ṣì ń jáde geere, ẹ tẹ̀síwájú díẹ̀ sí i. Ẹ lè sọ̀ nínú mọ́tò kó tó dé ọjà, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn èyí tó kù. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó ń wú yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

BàbáOlóko

Mo ń kà á látàárọ̀. Mo gbà pé ẹni tí kò lóko gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi rọ́pò oko. Ìbéèrè kan ló kù. Bí ibà bá wà lára ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa a máa ní àwọn fẹ́ sáré kí òógùn lè lé ibà jáde.

Nọ́ọ̀sìLeeds

Bàbá, ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n má dán an wò! Ara gbígbóná, ara ríro, ikọ́ tó wọ àyà, èébì, ìsinmi ni gbogbo ìyẹn ń fẹ́. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà tó lè wọ iṣan ọkàn, ẹni tó bá sì sáré lórí rẹ̀ lè kú lójijì. Ibà ẹ̀fọn náà, kò sí òógùn tó lè lé e jáde, àyẹ̀wò àti oògùn ni.

Tó bá jẹ́ imú tó ń ṣàn lásán láìsí ibà, ìyẹn yàtọ̀. Ní 1998, Thomas Weidner ní Yunifásítì Ball State kó kòkòrò ọ̀fìnkìn ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 50 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. 34 nínú wọn ń ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 40 ní ọjọ́ méjì-méjì, 16 sinmi. Ọ̀fìnkìn ò pẹ́ lára ẹnikẹ́ni ju ẹnìkejì lọ, kò sì le ju ara wọn.

ỌmọMọ́kọ́lá

Ìbéèrè mi ìkẹyìn. Ṣé kí Màmá wá rìn fún ìṣẹ́jú 90 tí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́Ara

Rárá o, ẹ má sọ ọ́ di àṣẹ. Àwọn tí Kohut dán an wò ò pọ̀, ẹni tó sì ti jókòó láti oṣù Kejì, ìṣẹ́jú 90 lẹ́ẹ̀kan náà á wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé eré ìdárayá kì í ṣe ọ̀tá àjẹsára. Fún ẹni tó bá jẹ́ ojúgbà Màmá, iṣẹ́ Jeffrey Woods ní Yunifásítì Illinois ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó kó àwọn àgbàlagbà 144 tí wọ́n ti ń jókòó tẹ́lẹ̀ jọ, láti ẹni ọdún 60 lọ sókè. Fún oṣù mẹ́wàá, apá kan ṣe eré tó ń mú ọkàn lù kánkán, apá kan ń na ara, wọ́n ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń dúró láìta gọ́ọ́gọ́ọ́. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ flu láàárín ìgbà náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, ààbò abẹ́rẹ́ náà ṣì wà lára àwọn ti apá àkọ́kọ́ ju ti ìkejì lọ.

Ìtàn kan tún rèé fún Màmá. Ní 2018, Janet Lord àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Birmingham àti London yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́ 125 wò, láti ẹni ọdún 55 dé 79, àwọn tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Thymus, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lẹ́yìn eegun àyà, ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun kan ti ń kọ́ṣẹ́. Ó máa ń súnkì bí a ṣe ń dàgbà. Lára àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun tó ń ti ibẹ̀ jáde pọ̀ bíi ti ọ̀dọ́.

ỌmọMọ́kọ́lá *(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)*

Mo padà dé, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún Màmá, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ọdẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi ẹni tó ń wúkọ́ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, "O ò sọ ìyẹn fún mi."

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni wọ́n nu bàtà yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la kọ́kọ́ rìn, a padà. Lónìí, ìṣẹ́jú 25 ni, ẹ̀gbọ́n mi sì wà pẹ̀lú wa. Màmá ń dán ti ọ̀rọ̀ àti orin yẹn wò lójú ọ̀nà. Nígbà tí a gun òkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn kan tí wọ́n fẹ́ràn, èémí wọn ò gbé ìlà kejì. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ibi tí tíṣà yẹn wí nìyí," a sì ń bá ọ̀nà wa lọ.

TíṣàEré

Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé omi dání, kí wọ́n sì jáde kí aago méje tó lù, kí èéfín ọkọ̀ tó bo ojú ọ̀nà.